Wíwọn Beagle fún Ìdíje: Ẹ Yẹ Ilẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Yẹ Ajá Wò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń tọ́ ajá ọdẹ tí wọ́n ń pè ní Beagle, tí wọ́n sì ń mú un lọ sí ìdíje, ni mo torí wọn kọ lẹ́tà yìí. Ọ̀rọ̀ kan máa ń gba ẹnu wọn lẹ́yìn ìdíje: "Wọ́n lé ajá mi, wọ́n ní ó ga jù." Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ìbínú, ẹ̀sùn ojúsàájú, owó ìforúkọsílẹ̀ tó ti wọgbó àti ọ̀nà jíjìn tí a wakọ̀ lásán. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀nà tí wọ́n gbà wọn ajá náà ló ń dá ìjà sílẹ̀ ju gíga rẹ̀ lọ: ilẹ̀ tó dúró lé, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe wà, ibi tó gbé orí sí, àti irin ìwọ̀n tí wọ́n gbé lé e léjìká. Gbogbo rẹ̀ pátá ló ṣeé yẹ̀ wò nílé kí a tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí kò mọ Beagle lórúkọ lè ti bá a pàdé. Òun ni ajá kékeré elétí gbọọrọ tó máa ń wọ ẹ̀wù iṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà, tó ń fi imú kan àpò àwọn èrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀, tó ń wá ẹran, èso àti irúgbìn tí òfin kò gbà láyè. Ọdún 1984 ni ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò wọ́n báyìí, ní pápákọ̀ Los Angeles. Ajá yìí ti mú kí wọ́n gba ẹran gbígbẹ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Ṣùgbọ́n ehoro lílé gan-an ni iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ sin irú ajá yìí. Ajá á fi imú tọ ipasẹ̀ ehoro, á máa ké bó ṣe ń lọ, ọdẹ á sì máa fi ẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé igbe náà. Ìdí tí gíga fi ṣe pàtàkì nìyẹn. Bí ajá bá ga jù, eré rẹ̀ á ju ti ẹlẹ́sẹ̀ lọ. Àwọn tó ga jù ú lọ wà lọ́tọ̀, wọ́n sì ní iṣẹ́ tiwọn: Harrier máa ń tó íńṣì 19 sí 21, akọ American Foxhound sì máa ń tó 22 sí 25, orí ẹṣin ni àwọn ọdẹ sábà máa ń wà tí wọ́n bá ń tẹ̀lé ìyẹn. Nílé lọ́hùn-ún, ọdẹ kì í wọn ajá. Imú àti àyà ló ń wò lára rẹ̀. Ní ibi ìdíje tí ajá méjì ti ń lé ehoro kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹsẹ̀ gígùn jẹ́ àǹfààní tí kò tọ́, àfi kí a pààlà.

Ààlà náà rèé bí American Kennel Club, ẹgbẹ́ tó ń ṣòfin ìdíje ajá ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní AKC, ṣe fi lélẹ̀. Ọ̀nà 2 ni wọ́n pín Beagle sí, gíga nìkan ló sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Ajá tí kò bá kọjá íńṣì 13 wà ní ọ̀wọ́ 13. Èyí tó bá kọjá 13 tí kò kọjá 15 wà ní ọ̀wọ́ 15. Èyí tó bá fi bíńtín lé ní 15 ti jáde pátápátá, kò sí ọ̀wọ́ kankan fún un. Ẹ kíyè sí i pé "kọjá" ni òfin wí: ajá tó jẹ́ íńṣì 13 gẹ́lẹ́ ṣì wà ní ọ̀wọ́ 13, èyí tó jẹ́ 15 gẹ́lẹ́ sì ṣì wà ní ọ̀wọ́ 15. Ní ìdíje inú oko, níbi tí wọ́n ti ń tú ajá sílẹ̀ sí ehoro, wọ́n tún máa ń ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo, ó wá di kíláàsì 4. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun: ọdún 1890 ni National Beagle Club ti ṣe ìdíje inú oko rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Hyannis, ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ní ti àfihàn, níbi tí adájọ́ ti ń wo bí a ṣe dá ajá, àwọn Beagle 2 tó gba ipò kìíní láàárín gbogbo ajá ní Westminster, àfihàn ajá ńlá ti Amẹ́ríkà, ìyẹn Uno ní 2008 àti Miss P ní 2015, ọ̀wọ́ 15 ni àwọn méjèèjì ti wá.

Ẹ̀yin tó ń ti London kó lọ sí Amẹ́ríkà pẹ̀lú ajá yín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fetí sí èyí. Ní ìlú Ọba, ìwé òfin Beagle sọ pé sẹ̀ǹtímítà 33 sí 40 ni wọ́n fẹ́, wọn kò sì pín in sí méjì. Íńṣì 15 ti Amẹ́ríkà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 38.1. Nítorí náà, ajá tó jẹ́ 39.5, tí kò sẹ́ni tó fi ojú burúkú wò ó ní Birmingham, kò lè díje rárá ní Virginia. Ìwé ẹ̀rí, ìdílé tó ti wá, ife-ẹ̀yẹ tó ti gbà, kò sí èyí tó lè gbà á sílẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ó yà mí lẹ́nu bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń wọn ajá láti ilẹ̀ dé àtàrí. Àwọn akọ̀ròyìn náà máa ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ bá wa sọ fún wọn, Olóòtú. Orí kì í dúró lójú kan, torí náà kò sí ẹni tó ń fi í wọn ajá. Góńgó èjìká ni a ń wọ̀n: ibi tó ga jù lọ ní èjìká, níbi tí orí egungun pẹlẹbẹ méjèèjì ti yọ síra lókè, lẹ́yìn tí ọrùn bá ti parí. Ohun tí òfin AKC wí ni pé kí ajá dúró bí ó ṣe máa ń dúró, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ dáadáa, kí a sì wọ̀n ọ́n ní ibi tó ga jù lọ ní èjìká.

Bí o bá fẹ́ rí góńgó yìí, ojú kò tó, ìka ni kí o lò. Fi ẹran díẹ̀ sílẹ̀ kí ajá tẹ orí wálẹ̀ láti mú un. Bó ṣe tẹrí bẹ́ẹ̀, orí egungun èjìká méjèèjì á yọ sókè gbangba lábẹ́ awọ, wàá sì lè fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là dì wọ́n mú. Fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí o jẹ́ kó gbé orí sókè padà, nítorí pé a kì í wọn ajá tó tẹrí. Orí gbọ́dọ̀ wà níbi tó máa ń wà tí ajá bá ń wo ọ̀ọ́kán. Bí o bá fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè jù, iwájú rẹ̀ á fà ró, ẹran ìdí ọrùn á sì kó jọ síwájú góńgó náà. Irin lè wá bà lé ọrùn, kí wọ́n sì ní èjìká ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti jinlẹ̀ jù lọ ni bí a ṣe dá èjìká ajá. Ajá kò ní egungun tí àwa ènìyàn ní lábẹ́ ọrùn, èyí tó so èjìká mọ́ igbá àyà. Kò sí oríkèé egungun kankan tó so ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ mọ́ ara. Iṣan nìkan ló gbé igbá àyà rẹ̀ rọ̀ sáàárín èjìká méjèèjì, bí ìgbà tí a bá fi ọ̀já pọn ọmọ. Bí ọ̀já bá fún, ọmọ á gòkè. Bó bá tú, ọmọ á sọ̀ kalẹ̀. Tí ajá bá fọkàn balẹ̀, iṣan náà á dẹ̀, àyà á sọ̀ díẹ̀, orí egungun èjìká ló sì máa ga jù, òun ni irin á bà lé. Tí ara ajá bá le, bóyá ó gbóòórùn ehoro, bóyá ó rí abo tó ń wá akọ, iṣan á fún, igbá àyà á gòkè, eegun ẹ̀yìn á sì yọ kọjá orí egungun èjìká. Irin kò mọ ìyàtọ̀; èyí tó bá ga jù ló máa bà lé. Ajá kan náà tí o wọ̀n ní àárọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ, tó jẹ́ íńṣì 15 gẹ́lẹ́, lè kọjá 15 láàárín ogunlọ́gọ̀ ajá tó ń gbó. Kò dàgbà sí i láàárín wákàtí 3, ẹni tó wọ̀n ọ́n kò sì purọ́. Ara rẹ̀ ló le.

Ẹ̀rù ní tirẹ̀ máa ń ṣe òdì kejì. Ajá tó bẹ̀rù irin á ká orúnkún, á fà sílẹ̀, á sì kúrú. Àwọn kan mọ èyí, wọ́n sì ń fi kọ́ ajá wọn: wọ́n á máa fi ìka gún un léjìká títí tó fi mọ̀ pé bí nǹkan bá kan òun níbẹ̀, kí òun bẹ̀rẹ̀. Ìwà burúkú ni, mo sì ń sọ ọ́ ní gbangba. Adájọ́ tó mọṣẹ́ á rí i pé ìgúnpá àti orúnkún ẹ̀yìn ti ká, á ní kí wọ́n tún ajá tò. Ajá tí a kọ́ bẹ́ẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí adájọ́ fọwọ́ kan òun mọ́ láì lóṣòó, ó ti ba àfihàn rẹ̀ jẹ́ nìyẹn.

Ó kan ilẹ̀. Orí kóríko ni ọ̀pọ̀ ìdíje ti ń wáyé, orí rẹ̀ náà sì ni àríyànjiyàn pọ̀ sí jù. Bí ẹsẹ̀ irin bá rì sínú ilẹ̀ rírọ̀, irin náà ti sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn, ajá á dà bí èyí tó ga ju bó ṣe wà lọ. Bí ẹsẹ̀ ajá bá rì, tàbí tó kó sínú kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn, ajá á kúrú lójú irin. Kò sí ọ̀kankan nínú méjèèjì tó jẹ́ òótọ́. Kọnkéré tó dán, táìlì, tàbí pákó plywood tó nípọn ni ilẹ̀ tó yẹ. Gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì tí àwọn bíríkìlà ń lò lé e, lóròó àti ní ìbú, kí o rí i pé afẹ́fẹ́ róbótó inú omi rẹ̀ dúró sí àárín. Kọnkéré ibi ìgbọ́kọ̀sí máa ń dagun kí òjò lè ṣàn kúrò lórí rẹ̀, ọ̀pọ̀ kì í sì í kíyè sí i. Bí ó bá jẹ́ iwájú ajá ló wà ní ọwọ́ ìsàlẹ̀, ìwúwo rẹ̀ á tẹ̀ síwájú, èjìká á sì rì.

Irin tí wọ́n fi ń wọ̀n ní ibi àfihàn ni wọ́n ń pè ní wicket: ọ̀pá 2 tó dúró, ọ̀kan tó dábùú wọn lókè. Adájọ́ á ti gbé e sí gíga tí òfin wí, yóò sì ti yẹ̀ ẹ́ wò pé ó pé. Ẹ̀yìn ajá ni yóò ti gbé e wá, á kọjá ìbàdí, á dé èjìká, á wá sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ sórí góńgó. Bí ẹsẹ̀ wicket méjèèjì bá kan ilẹ̀, ajá kò kọjá ààlà. Bí ọ̀kan bá gbára sókè, ó ti kọjá. Wicket kì í sọ iye tí ajá jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló mọ̀. Irinṣẹ́ kejì ni ọ̀pá ìwọ̀n, tó ní apá kan tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ lára rẹ̀. Ìyẹn máa ń sọ iye. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o ní méjèèjì nílé. Ọ̀pá fún ọ ní iye, wicket sì ń jẹ́ kí ajá mọ irin tó máa bá pàdé.

O lè fi igi kan wicket tìrẹ. Ọ̀pá 2 tó gùn bákan náà, kí àyè àárín wọn tó sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30 kí èjìká má baà há, kí o wá fi pákó tó le dábùú wọn. Láti ilẹ̀ dé abẹ́ pákó ìdábùú ni kí ó jẹ́ 33.02 fún ọ̀wọ́ 13, tàbí 38.1 fún ọ̀wọ́ 15. Ọ̀pọ̀ káfíńtà ló máa ń wọ̀n ọ́n dé òkè pákó, ìyẹn á sì fi nínípọn pákó jẹ ajá níyà. Fi irin onígun káfíńtà wo igun méjèèjì. Wọn abẹ́ rẹ̀ ní igun ọ̀tún, ní igun òsì àti ní àárín gbùngbùn, nítorí pákó tínrín máa ń tẹ̀ ní àárín, àárín náà gan-an ló sì máa bà lé ajá. Bí ó bá fi mílímítà 2 tẹ̀, o ti sọ ajá rẹ di èyí tó fi mílímítà 2 ga sí i.

Téèpù télọ̀ kò wúlò níbí. Bí o bá fà á láti ilẹ̀ gba ara ẹsẹ̀ dé èjìká, á tẹ̀ mọ́ ẹran ara, iye rẹ̀ á sì ju gíga tòótọ́ lọ. Rúlà lásán náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀: ọ̀pọ̀ wọn ni kì í bẹ̀rẹ̀ láti etí gan-an. Àyè máa ń wà kí òdo tó bẹ̀rẹ̀, nígbà mìíràn á tó mílímítà 5. Bí o bá gbé irú rúlà bẹ́ẹ̀ nàró sílẹ̀, ajá tó jẹ́ 38.4 á jẹ́ 37.9 lójú rẹ, wàá fò fáyọ̀, ó di ọjọ́ ìdíje kí wọ́n tó já a fún ọ. Gé àyè náà dànù tàbí kí o ra rúlà irin tó bẹ̀rẹ̀ láti etí.

Bí a ṣe ń to ajá rèé. Jẹ́ kó ti tọ̀, kó ti yàgbẹ́, kó sì ti rìn díẹ̀ kí ara rẹ̀ tó balẹ̀. Má ṣe wọ̀n ọ́n nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, má sì wọ̀n ọ́n nígbà tó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mú un rìn gba orí pákó kọjá, kó dúró fúnra rẹ̀, kí o tó fọwọ́ tún ohun tó bá kù ṣe. Ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì gbọ́dọ̀ nàró ṣánṣán bí o bá wò wọ́n láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́, kí ìgúnpá wà lábẹ́ góńgó èjìká. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn náà, kí apá tó wà láti kókósẹ̀ dé ilẹ̀ nàró. Kí ìwúwo wà lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹnì kan á mú ajá níwájú, ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n láì gbé e sókè, ẹnì kejì ni yóò wọ̀n. Ẹni tó bá ń dá ṣe méjèèjì kì í rí i dáadáa, nítorí bó ṣe bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ ni ajá náà á bá a bẹ̀rẹ̀.

Fi ìka tẹ irun tó wà lórí góńgó. Irun Beagle kò gùn, ṣùgbọ́n nígbà òtútù ó máa ń ki sí i. Sọ apá ọ̀pá kalẹ̀ títí tó fi kan ara, má fi agbára tẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ wicket, mú bébà kan kí o gbìyànjú láti tì í bọ abẹ́ ẹsẹ̀ irin kọ̀ọ̀kan. Bí bébà bá wọlé láìsí ìdènà, ẹsẹ̀ yẹn kò kan ilẹ̀, ohun yòówù kí ojú rẹ máa sọ fún ọ. Gbé irin kúrò, jẹ́ kí ajá rìn yí ká, tún un tò, kí o tún un wọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ní ìjókòó kan tó. Ṣe é ní ọjọ́ mìíràn pẹ̀lú. Kọ gbogbo iye náà sílẹ̀, iye tó ga jù nínú wọn ni kí o sì gbàgbọ́. Ọ̀pọ̀ máa ń mú èyí tó kéré jù torí pé òun ló dùn mọ́ wọn, àmọ́ ara líle ajá lọ́jọ́ ìdíje sún mọ́ iye tó ga jù.

Díẹ̀ ló máa ń fa ìyàtọ̀ ńlá, ẹ jẹ́ kí n fi iye hàn yín. Ẹ mú ọ̀pá tó gùn ní 38.1. Bí ìdí rẹ̀ bá sún síwájú ní sẹ̀ǹtímítà 6.6, góńgó rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ ní bíi mílímítà 6. Bí èèyàn bá sún ẹsẹ̀ iwájú ajá síwájú, tàbí tó yà wọ́n síra, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn: èjìká ń sọ̀. Ìdí nìyí tí adájọ́ fi máa ń wo ẹsẹ̀ kí ó tó wo irin. Wicket fúnra rẹ̀ náà ń bẹ lábẹ́ òfin yìí. Bí orí rẹ̀ bá fi sẹ̀ǹtímítà 5 dagun síwájú tàbí sẹ́yìn, 38.1 ti di bíi 37.8, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́jọ íńṣì tó ti bọ́ lọ́wọ́ ajá rẹ. Ọ̀pá ìwọ̀n tó bá dagun ń ṣe ajá níbi bẹ́ẹ̀ náà, torí iye tó máa kà á ju gíga tòótọ́ lọ. Nítorí náà, bí o bá rí i pé irin dagun, o ní ẹ̀tọ́ láti fi ọ̀wọ̀ sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́ ọ̀gá, irin ò nàró." Kí o sọ ọ́ nígbà tí irin ṣì wà lórí ajá. Bí wọ́n bá ti gbé e kúrò, ọ̀rọ̀ ti bọ́.

Èékánná náà ń gbé ajá sókè. Bó bá gùn débi pé ó ń kan ilẹ̀ ṣáájú àtẹ́lẹsẹ̀, ìka ẹsẹ̀ á tì sẹ́yìn, ẹsẹ̀ á sì dìde. Má dúró di àárọ̀ ìdíje kí o tó gé e, torí bí o bá gé e kan ẹran, ajá á máa gbé ẹsẹ̀ náà, kò ní dúró dáadáa. Gé e díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ láti oṣù kan ṣáájú, kí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ lè máa sá sẹ́yìn. Sísanra náà ń kún un, nítorí ọ̀rá máa ń gbà sórí èjìká. Ajá tó bá sanra kò ní lè lé ehoro pẹ́ náà, kò sí ẹni tó ń jèrè rẹ̀.

Ẹ̀yin tó fẹ́ ra ọmọ ajá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín ní "ọmọ ọ̀wọ́ 13" bí ẹni pé ìran ọ̀tọ̀ ni. Ìran kan ṣoṣo ni Beagle. Nínú ọmọ tí abo kan bí lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan lè dúró sí íńṣì 12 àti ààbọ̀, èkejì kí ó dé 14. Bàbá àti ìyá tí àwọn méjèèjì wà ní ọ̀wọ́ 13 lè bí èyí tó máa kọjá 13. Oṣù 6 ni wọ́n ti lè fi ọmọ ajá díje ní àfihàn AKC, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Beagle ṣì ń ga títí di oṣù 10 sí 12. Torí náà, èyí tó wà ní ọ̀wọ́ 13 ní oṣù 7 lè wà ní ọ̀wọ́ 15 kí ó tó pé ọdún kan, kò sì sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tó wà nínú ewu ni ẹni tí ajá rẹ̀ ti jẹ́ 14 àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ní oṣù 8. Kí ó dúró kó rí òpin rẹ̀ kí ó tó náwó lé e. Wọn òbí méjèèjì fúnra rẹ kí o tó sanwó. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí o wọ̀n wọ́n, fi ajá rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Láti ìgbà tí ọmọ ajá bá ti pé ọ̀sẹ̀ 8 ni kí o ti mú irin mọ̀ ọ́n lára. Jẹ́ kó gbóòórùn rẹ̀. Jẹ́ kó rí i kó gba ẹ̀yìn rẹ̀ wá, torí ohun tó ń gba ẹ̀yìn wá ló ń dẹ́rù bà á jù. Gbé e lé e léjìká fún ìṣẹ́jú àáyá kan, fún un ní ẹran, gbé e kúrò. Irin tútù ní òwúrọ̀ òtútù máa ń mú un fò, torí náà fi ọwọ́ pa á kó gbóná díẹ̀. Bí ọmọ ajá bá rí irin tó sì ń ju ìrù, ó ti mọ iṣẹ́ nìyẹn.

Ní ibi ìdíje, adájọ́ lè fúnra rẹ̀ pè fún wicket, ẹni tó ń bá ọ díje nínú kíláàsì náà sì lè bẹ̀ ẹ́ kí ó wọn ajá rẹ. Má bínú sí i, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fún ọ láyè láti to ajá rẹ, má kánjú, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tàbí gbé e sókè. Bí ajá tó ga ní 14 àti ìdá méje nínú mẹ́jọ bá dúró dáadáa lórí ilẹ̀ líle, yóò wọlé. Lórí kóríko tútù, lábẹ́ irin tó dagun, ajá yìí kan náà lè pàdánù gbogbo iṣẹ́ ọdún kan.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn tó ń ṣètò ìdíje, pàápàá àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké inú oko, ni pé kí wọ́n fòpin sí wíwọn ajá lórí kóríko. Owó tó máa ná wọn kò tó nǹkan. Pákó plywood kan tó jẹ́ mítà kan ní ìbú àti lóròó, tó nípọn tó mílímítà 18, kí wọ́n fi igi gbè é lábẹ́ kó má baà tẹ̀. Rọ́bà tín-ín-rín tó le lórí rẹ̀, kí ẹsẹ̀ ajá má baà yọ̀. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì kan. Wicket 2, ọ̀kan fún 13, ọ̀kan fún 15, àti irin kan tí a gé sí gíga gẹ́lẹ́ tí wọ́n á máa fi yẹ wicket wò lójú gbogbo ènìyàn láàárọ̀ àti lẹ́yìn tó bá ṣubú. Kí wọ́n gbé e sí ibi òjìji, jìnnà sí ibi tí wọ́n so àwọn ajá yòókù mọ́, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ gbé ajá rẹ̀ gun pákó náà láì sanwó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe kíláàsì.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan,
Maryland, Amẹ́ríkà